Godzilla 1954 kì í ṣe eré ọmọdé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti ní eré ọmọdé ni fíìmù abàmì ẹranko àtijọ́, mi ò gbà. Ẹ tún Godzilla, fíìmù Jàpáánì ọdún 1954, wò. Oṣù Kẹta ọdún yẹn gan-an ni eérú bọ́ǹbù runlérùnnà tí Amẹ́ríkà ń dán wò bọ́ lé àwọn apẹja Jàpáánì lórí nítòsí Bikini, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì. Ní oṣù Kọkànlá, fíìmù náà jáde, lórí abàmì ẹranko tí irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ jí dìde. Igbe ẹranko yẹn ńkọ́? Ìbọ̀wọ́ aláwọ tí wọ́n fi oje igi ra ni wọ́n fi ń fa okùn báàsì ńlá, ohun èlò orin olókùn tó ń dún kíkẹ̀. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ ọ, ara mi á bù máṣọ. Àti ìyá tó gbá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra láàárín iná, tó ń sọ fún wọn pé àwọn ò ní pẹ́ bá bàbá wọn tó ti kú, omijé ni mo fi ń wò ó.