Kì í ṣe iye òkú ni wọ́n fi ṣírò owó tí Jámánì san fún Ísírẹ́lì

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ pé ṣe ni àwọn Júù bu iye èèyàn wọn tí ìjọba Hitler pa kún, kí owó gbà-máà-bínú tí Jámánì máa san fún Ísírẹ́lì lè pọ̀ sí i. Irọ́ ni. Iye náà, mílíọ̀nù mẹ́fà, ti wà nínú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Nuremberg, tó gbọ́ ẹjọ́ àwọn aṣáájú ìjọba Hitler, ní ọdún 1946, nígbà tí wọn kò tíì dá orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì sílẹ̀ rárá. Ní ọdún 1951, ìnáwó àtifún àwọn tó yè ní ibùgbé tuntun ni Ísírẹ́lì gbé ìbéèrè rẹ̀ kà: nǹkan bí 500,000 èèyàn, 3,000 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí àwọn tó kú bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwọn tó yè tí wọ́n nílò ibùgbé sì pọ̀ sí i, owó tí wọ́n máa béèrè ì bá tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ni. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Luxembourg ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1952 fi owó náà sí bílíọ̀nù 3 máàkì (owó Jámánì nígbà náà), ọjà sì ni Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn fi san èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òṣèlú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ló gbà: ìrántí àwọn òkú yìí gan-an ni Menachem Begin, olórí ẹgbẹ́ alátakò ní Ísírẹ́lì, fi ta ko gbígba owó náà, tí àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ sì sọ òkúta lu ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ísírẹ́lì ní oṣù Kìíní ọdún 1952.