Dómèènì tó bára mu kò túmọ̀ sí pé purotéènì méjì ń so pọ̀

Ẹni tó bá ń wo àwòrán àwọ̀n purotéènì ènìyàn á ti gbọ́ èyí: bí ọ̀kan bá ní dómèènì SH3, tí èkejì sì ní PxxP (apá kékeré tí SH3 ń dì mú), tọkọtaya ni wọ́n, ẹ fa ìlà sí wọn láàárín. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Dómèènì ni apá kan lára purotéènì tó lè ká jọ fúnra rẹ̀ láìdúró de ìyókù. SH3 gùn tó nǹkan bí 60 amino ásíìdì, SH2 nǹkan bí 100. PxxP tí SH3 ń dì mú kéré púpọ̀: proline méjì (P) tí amino ásíìdì méjì èyíkéyìí (xx) dá láàárín. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ jàra lára purotéènì ènìyàn, SH3 pàápàá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300. Ká ní gbogbo wọn ló ń so mọ́ra ni, inú sẹ́ẹ̀lì ì bá ti dì gbagidi. Ọ̀pọ̀ PxxP fara pamọ́ sínú purotéènì tó ti ká jọ, SH3 kankan kò lè dé ibẹ̀. Àwọn mìíràn wà lára purotéènì tí kì í pàdé SH3 náà rárá, ọ̀kan nínú núkílíọ́ọ̀sì, èkejì níta sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ wo purotéènì GRB2. Amino ásíìdì 217 péré: SH3, SH2, SH3, kò sì ṣe iṣẹ́ ènsáìmù kankan. Alárinà ni. SH3 rẹ̀ di SOS1 (purotéènì tó ń tan RAS) mú, SH2 rẹ̀ á di EGFR (purotéènì inú awọ sẹ́ẹ̀lì tó ń gba àmì láti ìta) mú, ó sì ti fa SOS1 lọ sétí awọ sẹ́ẹ̀lì níbi tí RAS (purotéènì tó ń fi àmì ìdàgbàsókè ránṣẹ́) wà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí fọ́sféètì kò bá tíì lẹ̀ mọ́ tyrosine (amino ásíìdì kan) lára EGFR, SH2 yìí kò rí nǹkan gbá mú. Kì í sì í ṣe tyrosine èyíkéyìí: amino ásíìdì asparagine ní láti wà ní ipò kejì lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà tó so GRB2 mọ́ EGFR ń wá, ó sì ń lọ. Inú àwòrán nìkan ló ti dúró gbọin.

Ti Src, kínéèsì kan (ènsáìmù tó ń fi fọ́sféètì sára purotéènì), tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. SH2 rẹ̀ ń di ìrù ara rẹ̀ mú, níbi tyrosine 530 tó ti gba fọ́sféètì. Àfi kí ènsáìmù mìíràn yọ fọ́sféètì náà, tàbí kí ohun tó lágbára jù ú lọ gba SH2 mọ́ ọn lọ́wọ́, kí SH2 yìí tó lè di purotéènì mìíràn mú.

Orúkọ dómèènì kò tiẹ̀ sọ iṣẹ́. ERBB3, ìbátan EGFR, ní dómèènì kínéèsì, síbẹ̀ agbára rẹ̀ láti fi fọ́sféètì sára nǹkan kò tó nǹkan. Bíbá ERBB2, ìbátan wọn mìíràn, so pọ̀ ló fi ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ìlà SH2 wò, ẹ má gbára lé yeast two-hybrid (àyẹ̀wò tó ń wá ìsopọ̀ purotéènì méjì nínú ìwúkàrà) nìkan. Ìwúkàrà kò ní ojúlówó kínéèsì tyrosine, nítorí náà ìsopọ̀ tó nílò fọ́sféètì kò ní hàn níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ni kí ẹ lò: ẹ fún un ní EGF (ohun tó ń ta EGFR jí) 100 ng/ml fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ fi antibody fa GRB2 jáde. Omi tí ẹ ó fi fọ́ sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ní sodium orthovanadate 1 mM, èyí tí ẹ ti sè ní pH 10 títí tó fi mọ́ gaara. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, àwọn fosfatéèsì (ènsáìmù tó ń yọ fọ́sféètì) á ti jẹ fọ́sféètì tán kí ẹ tó wò ó. Ẹ ṣe ẹ̀dà mìíràn pẹ̀lú GRB2 tí ẹ ti yí arginine 86 rẹ̀, èyí tí SH2 fi ń gbá fọ́sféètì mú, sí lysine. Bí EGFR bá ṣì ń tẹ̀lé e jáde, SH2 kọ́ ló mú un.