Orí-ò-jorí ni kí a pín in

Èrò ọkàn mi rèé lórí ọ̀rọ̀ ogún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Láti ọdún 2024 tí owó kòkó ti fò sókè, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, ìpàdé ẹbí ti pọ̀ sí i ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Oko tó ti di igbó, tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè látìgbà tí bàbá ti kú, gbogbo èèyàn ló ń wá ààlà rẹ̀ báyìí. Àwọn tó wà l'Ékòó ń pe fóònù, àwọn tó wà nílé ń sá tọ lọ́yà lọ. Kò sí aburú nínú ìyẹn, ohun bàbá wọn ni. Bí a ṣe ń pín in ló ń dùn mí.

Ọ̀nà méjì ni àwa Yorùbá ń gbà pín ogún. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé la ó kà. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ọmọ la ó kà. Ká ní bàbá fi éékà méjìlá sílẹ̀, ìyáálé bí ọmọ mẹ́fà, ìyàwó kékeré bí ẹyọ kan. Ní ìdí-igi, ọmọ kan ṣoṣo yẹn ni yóò kó éékà mẹ́fà, àwọn mẹ́fà tó kù yóò mú éékà kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀, bàbá kan náà ló bí wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé kóòtù tipẹ́. Suberu Dawodu kú l'Ékòó láìkọ ìwé ìhágún, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà fara mọ́ orí-ò-jorí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ yí i dà ní 1958, ẹjọ́ sì dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ilé ẹjọ́ àṣekágbá fún wa nígbà náà, ní 1962. Àwọn náà ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, pé orí-ò-jorí jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè yàn bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Mo mọ ohun tí àwọn baba wa rò tí wọ́n fi gbé ìdí-igi kalẹ̀. Ìyàwó tí ọmọ rẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó pọ̀ lè gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n má fi ohunkóhun lé e lọ́wọ́. Ìyẹn yé mi, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ ló ń jẹun, ọmọ ló ń san owó ilé ìwé. Nígbà tí a bá fún ẹnì kan ní ìlọ́po mẹ́fà ohun tí a fún àbúrò rẹ̀, a ti pín olówó àti tálákà nínú agbo ilé kan ṣoṣo, àwọn ọmọ wọn yóò sì gba ibẹ̀ lọ.

Ti àwọn ọmọbìnrin ló burú jù. Àṣà Yorùbá kò sọ pé kí ọmọbìnrin má jogún bàbá rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí mo fojú ara mi rí nípàdé kan ní Ìsìnkàn. Wọ́n ṣí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí. Bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ àwọn ọkùnrin, wọ́n kọ iye éékà síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àwọn obìnrin wà lẹ́yìn ewé náà, pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sí nǹkan kan níwájú wọn. Ọmọbìnrin tó tọ́jú bàbá náà títí tó fi kú wà níbẹ̀, òun ló ń gbé oúnjẹ fún àwọn tó ń pín oko. Nígbà tó béèrè tirẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní, "Ọmọ mi, ilé ọkọ rẹ ńkọ́?" Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Inú mi bàjẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà.

Àkúrẹ́ yìí náà ni o! Bí Déjì bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ la ń fi ṣe adelé. Yóò múra bí ọkùnrin, yóò jókòó sípò bàbá rẹ̀, àwọn ìjòyè yóò máa forí balẹ̀ fún un títí a ó fi yan ọba tuntun. Ní Oǹdó, ìtàn wọn sọ pé obìnrin, Púpùpú, ló kọ́kọ́ jọba níbẹ̀, Lóbùn, olóyè obìnrin, sì ń kópa nínú ìfijoyè Òṣemàwé títí di òní. Ẹni tó lè di ìlú mú, báwo ni kò ṣe ní lè ni oko kòkó?

Ẹnu kan náà ni gbogbo ilẹ̀ fi ń gbe ìrẹ́jẹ lẹ́yìn: bí ó ṣe wà nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àkọ́bí ọkùnrin ló ń kó gbogbo ilẹ̀ bí bàbá kò bá kọ ìwé ìhágún. Ó di 1925 kí òfin tó fòpin sí i. Àwọn ará Faransé kò pẹ́ rárá lẹ́yìn 1789 tí wọ́n fi yí òfin ogún padà, kí ọmọ ọlọ́lá má baà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí. Níhìn-ín ní Nàìjíríà, 2014 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ nínú ẹjọ́ Ukeje pé àṣà Ìgbò tí kò jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún bàbá rẹ̀ lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè. Èèyàn ló ṣe é, èèyàn ló tú u.

Àwọn Ju/'hoansi tó ń dọdẹ ní aṣálẹ̀ Kalahari tilẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ni ọfà ló ni ẹran, kì í ṣe ẹni tó ta ọfà náà. Wọ́n sì máa ń yá ara wọn lọ́fà, tó fi jẹ́ pé arúgbó tí kò lè sáré mọ́ lè jẹ́ ẹni tí yóò pín ẹran fún gbogbo àgọ́. Bí ọdẹ bá pa ẹran ńlá, wọ́n á ní egungun lásán ni, kí orí rẹ̀ má baà wú. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Àwa náà ti pín ogún kan ní orí-ò-jorí rí. Ní January 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-oòrùn. Iye ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí iye tó lé ní 811,000 lọ́dún kan. Owó kòkó wà lára ohun tó gbé e ró. Ìyá mi wà lára àwọn ọmọ yẹn. Bàbá rẹ̀ kò ní ilẹ̀, ọmọ olóyè ló jókòó tì í, síléètì kan náà ni wọ́n jọ ń kọ. Lónìí, a ti kó ọmọ tiwa lọ sí ilé ìwé aládàáni, a fi ti ìjọba sílẹ̀ fún ọmọ ẹni tí kò rówó. Ogún tó kárí wa, a ti jẹ́ kó bàjẹ́ lójú wa.

Àwọn àlejò kan sì wà tó ń bá wa ṣiṣẹ́ oko, tí ẹnikẹ́ni kì í kà rárá. Ebira ni wọ́n, Igede ni wọ́n, wọ́n ti wà lóko wa látìgbà tí igi kòkó ò ju orúnkún lọ. Àwọn ló gbin òmíràn nínú wọn. Ọjọ́ tí ẹbí bá parí ìpín, wọ́n á ní kí wọ́n kó ẹrù wọn.

Ìpàdé ẹbí tiwa ń bọ̀ ní ìparí ọdún. Orí-ò-jorí ni màá dúró lé, tọkùnrin tobìnrin, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni ìyá mi bí fún bàbá mi, ohun tí ìdí-igi ìbá fún mi pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màá sì ní kí wọ́n kọ iye igi tí bàbá Ebira tó wà lóko wa gbìn sílẹ̀, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ fún un kí ẹnikẹ́ni tó ta okùn ìwọnlẹ̀.