Ìwo ìdí kòkòrò ewé ọ̀dùnkún kì í ta èèyàn

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé kòkòrò ńlá oníwo nídìí tó ń jẹ ewé ọ̀dùnkún máa ń ta bí àkeekèé, pé ó lè pani. Irọ́ ni. Ìwo náà rọ̀, kò sì ní oró. Ọmọ àfòpiná kan ni, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Agrius convolvuli. Tó bá yó tán, á wọlẹ̀ lọ para dà, á sì jáde di àfòpiná tó ń fi ẹnu gígùn fa omi dídùn inú òdòdó nírọ̀lẹ́. Ewé yín nìkan ló ń bà jẹ́ (ó sì mọ̀ ọ́n jẹ o!). Àwọn kòkòrò onírun ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Irun àwọn kan nínú wọn máa ń yúnni lára gan-an. Oníwo yìí, ẹ kàn fọwọ́ ṣà á kúrò.