Ẹ Sọ Ibi Tí Wáìnì Yín Ti Wá
Ọ̀rọ̀ ìgò wáìnì tí wọ́n kọ "South Eastern Australia" sí lára yìí ti sú mi. Ibo gan-an nìyẹn? Nínú àwọn ìpínlẹ̀ Ọsirélíà, gbogbo New South Wales, gbogbo Victoria, gbogbo Tasmania, pẹ̀lú apá kan Queensland àti South Australia ni! Tasmania tó tutù àti Riverland ní South Australia tí oòrùn ti ń yan èso àjàrà lórí igi, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lára ìgò.

N kò bá ẹni tó da wáìnì agbègbè mẹ́ta lu ara wọn jà o. Penfolds Grange ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti bí ọdún 1951, ó sì wà lára àwọn wáìnì tó lórúkọ jù lọ ní Ọsirélíà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó ń kọ "South Eastern Australia" sára ìgò mọ ibi tí èso ti wá, wọn ò kàn fẹ́ sọ ni. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ káúńtì (ìyẹn agbègbè ìjọba inú ìpínlẹ̀) méjì tàbí mẹ́ta sára ìgò gbọ́dọ̀ kọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún tó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wá. Ṣé ó wá pa wọ́n lára ni?

Ti àwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ tún burú jù. Àyè agbègbè kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú kátálọ́ọ̀gì. Wáìnì tí wọ́n fi èso Barossa àti ti McLaren Vale, agbègbè méjì ní South Australia, ṣe pọ̀ á bọ́ sábẹ́ Barossa nìkan, ẹni tó ń wá ti McLaren Vale á wá a tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàyè gba orúkọ méjì, mẹ́ta. Owó wa lẹ ń gbà!