"Story" tí oníròyìn ń sọ kì í ṣe àlọ́ o
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín in kiri pé àwọn oníròyìn fúnra wọn ló ń pe iṣẹ́ wọn ní "story", pé ìyẹn fi hàn pé irọ́ ni wọ́n ń hun, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Nàìjá níbí, tẹ́nì kan bá ní "story ni jàre", irọ́ ló ń pè é lóòótọ́, àmọ́ lọ́fíìsì oníròyìn, story ò ju ìròyìn kan lọ, ì báà jẹ́ jàmbá ọkọ̀ tàbí bọ́jẹ́ẹ̀tì, kódà inú èdè Látìn tí wọ́n ti fa "history" yọ ni òun náà ti wá, ṣé history náà wá di àlọ́ ìjàpá ni?

Tí ẹdítọ̀ bá ní kí wọ́n "kill" story, ó ní kí wọ́n má gbé e jáde ni, kò sẹ́ni tó kú. Tó bá bi ripọ́tà pé kí ni story ibẹ̀, kókó ọ̀rọ̀ ló ń wá. "Cover story" gan-an ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà: lẹ́nu àwọn amí, irọ́ tí wọ́n fi ń bo ara wọn láṣìírí ni, àmọ́ nínú magasíìnì bíi Newswatch tí Dele Giwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1984, ìròyìn tó ga jù lọ́sẹ̀ yẹn ni, òun ni wọ́n máa ń gbé sí èèpo iwájú ìwé.

Oníròyìn lè purọ́ o, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ tọ́ka sí irọ́ náà gan-an.