Èsì wa sí àbọ̀ oníràwọ̀ 2: “Àmì Wi-Fi kún, pánẹ́ẹ̀lì ò dáhùn”

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú wàhálà, ẹ sì ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ẹ ní pánẹ́ẹ̀lì ìfọwọ́kàn tí ẹ fi ń darí iná ilé ń ṣe dáadáa lórí àga ṣájà rẹ̀ ní pálọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé e dé yàrá ẹ̀yìn, kì í pẹ́ tó fi máa ń kọ ọ́ pé òun kò rí ẹ̀rọ ìṣàkóso (ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ rẹ̀) mọ́, bẹ́ẹ̀ àmì Wi-Fi orí rẹ̀ kún fọ́fọ́. Ẹ ní bí ojú rẹ̀ bá ti ṣú, ó ń tó ìdajì ìṣẹ́jú kó tó dá yín lóhùn. Ẹ pààrọ̀ rọ́tà, kò yí padà. Ẹ ra extender, ẹ̀rọ tó ń gba Wi-Fi rọ́tà tó sì ń tún un sọ, sí yàrá ẹ̀yìn, ó tún burú sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó jẹ́ ẹ̀bi wa. Pípẹ́ tó ń pẹ́ kó tó jí kì í ṣe àìsàn, bí a ṣe ṣètò rẹ̀ kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Bí ojú rẹ̀ bá ṣú tí kò sì sí lórí àga ṣájà, ó máa ń pa Wi-Fi rẹ̀ kí bátìrì lè pẹ́. Bí ẹ bá wá fọwọ́ kàn án, ó di dandan kó tún wá rọ́tà, kó fi password wọlé, kó gba àdírẹ́ẹ̀sì, kó tó lè wá ẹ̀rọ ìṣàkóso lọ. Ìwé pélébé inú páálí kò sọ èyí, ó sì yẹ kó sọ ọ́. Ẹ má bínú. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Wi-Fi, ẹ tẹ Advanced, kí ẹ wá “Keep Wi-Fi on during sleep”, kí ẹ sì yí i kúrò ní “Only when plugged in” sí “Always”. Bátìrì yóò máa tètè lọ sílẹ̀, nítorí náà ẹ máa dá a padà sórí àga ṣájà ní alaalẹ́.

Ọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀yìn ló jinlẹ̀. Àmì Wi-Fi tí ẹ ń rí lórí pánẹ́ẹ̀lì, bí òun ṣe ń gbọ́ rọ́tà nìkan ló ń sọ. Kò sọ bí rọ́tà ṣe ń gbọ́ òun. Ẹ fi wé ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ níta, tí ẹni tó wà nínú yàrá ń fi ẹnu lásán dá a lóhùn: ẹni inú yàrá ń gbọ́ ketekete, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ kò jáde. Ọ̀pọ̀ rọ́tà ilé ń fọhùn ní nǹkan bí 20 dBm (dBm ni ìwọ̀n agbára ìgbì), ìyẹn mílíwáàtì 100. Ohun èlò kékeré tó ń lo bátìrì sábà máa ń wà ní nǹkan bí 15 dBm, ìyẹn mílíwáàtì 32, bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì iná, àṣẹ yẹn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rọ́tà, kí rọ́tà sì dáhùn pé òun ti gbà á. Bí kò bá dé, pánẹ́ẹ̀lì á tún un rán, á tún un rán, nígbà tó bá yá á jọ̀wọ́ rẹ̀, á wá kọ ọ́ síwájú yín pé òun kò rí ẹ̀rọ ìṣàkóso. Ìdí nìyí tí rọ́tà tuntun tí wọ́n ní ó lágbára kò fi yanjú rẹ̀. Ariwo ló sábà máa ń fi kún, kì í fi bẹ́ẹ̀ fi etí kún un.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ ṣí ojú-ewé ìṣètò rọ́tà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ síbi tí wọ́n to orúkọ àwọn ohun tó so mọ́ ọn sí, kí ẹ wá pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì wo nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ lábẹ́ “Signal” tàbí “RSSI”, ìyẹn bí rọ́tà ṣe ń gbọ́ pánẹ́ẹ̀lì tó. Àmì ìyọkúrò máa ń wà lára nọ́ńbà náà, bó bá sì ṣe ń sún mọ́ òdo ló ṣe ń dára sí i. -50 dára púpọ̀. -67 ṣì tó fún iṣẹ́ tí pánẹ́ẹ̀lì ń ṣe. Bó bá ti kọjá -70 sí ìhà -75, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé bọ́tìnì ń gbà lẹ́ẹ̀kan, kì í gbà lẹ́ẹ̀kan. Ní -80, kí ẹ gbà pé kò sí Wi-Fi níbẹ̀. Ibi tó ti ń já gan-an ni kí ẹ ti wò ó, kí ẹnìkan mú pánẹ́ẹ̀lì dání bí ẹ ṣe máa ń mú un, kí ẹnìkejì máa wo kọ̀ǹpútà. Ẹ má gbé e sórí tábìlì fún àyẹ̀wò yìí, torí pé àtẹ́lẹwọ́ tó bo eriali inú rẹ̀ ń gba lára agbára náà, ìyẹn sì wà lára ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀.

Extender ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ ná. Inú yàrá tí Wi-Fi kò ti dé dáadáa lẹ gbé e sí, òun náà kò wá gbọ́ rọ́tà dáadáa. Pánẹ́ẹ̀lì ń gbọ́ extender tó wà nítòsí, àmì rẹ̀ sì kún, ṣùgbọ́n ọ̀nà láti extender dé pálọ̀ ló bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, extender tó ń lo ṣánẹ́ẹ̀lì (ojú ọ̀nà ìgbì) kan náà máa ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ó gbọ́ ọ lẹ́nu pánẹ́ẹ̀lì, ó tún un sọ fún rọ́tà, àkókò tó yẹ kí iṣẹ́ gbà sì di ìlọ́po méjì. Ìkẹta, pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ìgbà tí yóò fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ bá èkejì. Ọ̀pọ̀ irú ohun èlò yìí kì í wá òmíràn títí agbára ohun tó dì mú yóò fi rẹlẹ̀ dé ìwọ̀n -70 tàbí -75. Ó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ extender kó ṣì rọ̀ mọ́ rọ́tà pálọ̀ bí eégbọn.

Ohun tí a máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ni access point, ìyẹn ẹ̀rọ kejì tó ń fọ́n Wi-Fi jáde, tí wọ́n fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat5e tàbí Cat6 fà láti ara rọ́tà. Wáyà náà lè gùn tó mítà 100. Ẹ gbé access point náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, lókè tó ga ju orí ènìyàn lọ. Kó má ṣe wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí ńlá tàbí ohun onírin. Ẹ fún un ní orúkọ kan náà, password kan náà àti irú ààbò kan náà pẹ̀lú ti rọ́tà, ṣùgbọ́n kí ṣánẹ́ẹ̀lì wọn yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dín “Transmit power” àwọn méjèèjì kù sí “Medium”. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé a ní kí wọ́n dín agbára kù, ṣùgbọ́n bí gbohùngbohùn pálọ̀ bá rọlẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì yóò tètè mọ̀ pé òun ti jìnnà, yóò sì lọ bá èyí tó wà nítòsí. Bí kò bá ṣeé ṣe láti fa wáyà, mesh (àwọn ẹ̀rọ Wi-Fi tó jọ ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan) tó ní ìgbì ọ̀tọ̀ tó fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ sàn ju extender lọ. Àárín ọ̀nà ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe inú yàrá tó ní ìṣòro.

Àmọ́ kí ẹ tó tún ra ohunkóhun, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ rọ́tà. Lórí Windows, ẹ ṣí fèrèsé Command Prompt méjì. Kí ẹ kọ ping -t (àṣẹ tó ń pe ohun èlò léraléra láti wò ó bóyá yóò dáhùn) àti àdírẹ́ẹ̀sì IP ẹ̀rọ ìṣàkóso, ìyẹn nọ́ńbà tó ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sínú ọ̀kan, kí ẹ kọ ping -t àti àdírẹ́ẹ̀sì pánẹ́ẹ̀lì sínú èkejì. Ẹ máa fọwọ́ kan pánẹ́ẹ̀lì lóòrèkóòrè kó má bàa sùn. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìṣàkóso ló ń pa ìdáhùn jẹ, ọ̀rọ̀ náà kò kan Wi-Fi rárá: ẹ wo wáyà rẹ̀, tàbí kí ẹ wò ó bóyá ohun èlò méjì ló ń jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan náà. Bí ìdáhùn pánẹ́ẹ̀lì bá ń lọ sókè sódò títí dé nǹkan bí 300 ms (1,000 ms ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹ má jáyà. Rọ́tà sábà máa ń pe àwọn ohun tó so mọ́ ọn ní gbogbo 102.4 ms, pánẹ́ẹ̀lì a sì máa tòògbé láàárín ìpè kan sí òmíràn. Bí DTIM, ètò rọ́tà tó ń sọ iye ìpè tí yóò kọjá kí ohun èlò tó jí, bá wà ní 3, ìpè mẹ́ta ló lè kọjá kó tó gba ohun tí wọ́n tọ́jú dè é. Ṣùgbọ́n bí “Request timed out” bá ń tẹ̀ léra wọn ní méjì, ní mẹ́ta, inú afẹ́fẹ́ ni ìṣòro wà.

Ẹ tún máa kọ aago tó já sílẹ̀, torí àkókò máa ń tú àṣírí. Bó bá ń já ní gbogbo wákàtí kan géérégé, ẹ wo “Group key renewal” lórí rọ́tà, ìyẹn ìgbà tó máa ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ààbò tí gbogbo ohun èlò jọ ń lò. 3600 ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá tó jẹ́ wákàtí kan. Ẹ gbé e sí 86400. Bó bá jẹ́ wákàtí 12-12 tí “Lease time” yín (iye àkókò tí rọ́tà fi yá ohun èlò ní àdírẹ́ẹ̀sì) sì jẹ́ wákàtí 24, àdírẹ́ẹ̀sì ni, nítorí ìdajì àkókò yẹn ni ohun èlò máa ń tọrọ ìsọdọ̀tun. Ẹ lo “DHCP reservation” fún pánẹ́ẹ̀lì àti ẹ̀rọ ìṣàkóso kí àdírẹ́ẹ̀sì wọn má yí padà mọ́. Bó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ kaná ni, maikirowéfù ni ẹ mú, inú ìgbì 2.4 GHz tí Wi-Fi ń lò lòun náà ti ń ṣiṣẹ́.

Nípa ṣánẹ́ẹ̀lì, ẹ má fi í sí “Auto”. Ní 2.4 GHz, ẹ mú ọ̀kan nínú 1, 6 tàbí 11, kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 MHz. Ní 5 GHz, ẹ lo 36 sí 48. Ṣánẹ́ẹ̀lì 52 sí 144 wà lábẹ́ òfin rédà: bí rọ́tà bá rò pé òun gbọ́ rédà, ó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bó bá sì fẹ́ lo òmíràn nínú wọn, ó kéré tán yóò fi 60 ìṣẹ́jú àáyá tẹ́tí sílẹ̀ ná. Pánẹ́ẹ̀lì yín á dá wà ní gbogbo àkókò yẹn. Níbi tí ògiri bá ti nípọn, 2.4 GHz ló ń wọlé jù. Níbi tí Wi-Fi aládùúgbò bá ti pọ̀, 5 GHz ló ń sinmi. Ìgbì tí ẹ bá mú, ẹ fún un ní orúkọ tirẹ̀, kan náà lórí rọ́tà àti access point, kí rọ́tà má bàa máa ti pánẹ́ẹ̀lì láti ìhín sí ọ̀hún.

Ààbò: lórí rọ́tà, ẹ mú WPA2 pẹ̀lú AES, láìsí TKIP (ọ̀nà ààbò àtijọ́), kí PMF (ààbò fún àwọn ìfiránṣẹ́ ìṣàkóso Wi-Fi) wà ní “Optional”, kí ẹ sì pa “Fast roaming” (ètò ìyára kúrò lára ẹ̀rọ Wi-Fi kan lọ sí òmíràn). Ẹ má so pánẹ́ẹ̀lì mọ́ Wi-Fi àlejò, kí “Client isolation” sì wà ní pípa, torí pé wọ́n máa ń jẹ́ kó rí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ kó rí ẹ̀rọ ìṣàkóso.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò mẹ́nu kàn, a sì bẹ̀ yín kí ẹ wò ó. Pín góòlù 4, ìyẹn irin kéékèèké tó ń gbé iná wọ inú pánẹ́ẹ̀lì, ló wà lórí àga ṣájà. Ẹ fi ìka tẹ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí kálukú wọlé díẹ̀ kó sì fò padà. Bí ọ̀kan bá rì tí kò padà, tàbí tí ohun dúdú bíi èéfín bò ó lórí, pánẹ́ẹ̀lì lè jókòó síbẹ̀ mọ́jú láìgba iná, bí bátìrì bá sì ti lọ sílẹ̀, ó máa ń dín agbára Wi-Fi tirẹ̀ kù. Ẹ fi òwú kékeré bọ inú ọtí isopropyl 90% nù ún, àga àti ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ má fi sandpaper tàbí ọ̀bẹ ha á. Góòlù yẹn fẹ́lẹ́ gan-an, bó bá ti ṣí, irin abẹ́ rẹ̀ á máa dípẹtà.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí nọ́ńbà yàrá ẹ̀yìn dára ju -67 lọ, síbẹ̀ tó ń já, a jẹ́ pé pánẹ́ẹ̀lì náà ló lárùn. A ó pààrọ̀ rẹ̀ tàbí ká dá owó yín padà, àwa la ó sì san owó ìfiránṣẹ́ lọ-bọ̀. Ẹ fi èsì ping ìṣẹ́jú 10 yẹn ránṣẹ́ sí wa nínú àpótí ọ̀rọ̀ ìbéèrè yín, pẹ̀lú fọ́tò ojú-ewé rọ́tà níbi tí nọ́ńbà náà ti hàn àti fọ́tò pín àga ṣájà láti itòsí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bo password Wi-Fi yín kí ẹ tó ya fọ́tò náà.